Ẹ ṣọ́ra o! Ẹnì kan ń ta párì ajá fún wa ní orúkọ kìnnìún

Ẹ̀yin olùkọ́ báyọ́lọ́jì ẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin tí ẹ ń ra nǹkan èlò sí yàrá sáyẹ́ǹsì ilé ìwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí kí ẹ tó fowó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin kan wà lórí Facebook àti WhatsApp tó ń ta párì ẹranko tí wọ́n fi ike ṣe: ajá, kìnnìún, ìkookò tí àwọn Hausa ń pè ní kura, ewúrẹ́, ehoro, òyà. Ó ní kí àwọn ọmọ lè fi wọ́n wéra ni, kí wọ́n rí i pé ohun tí ẹranko ń jẹ hàn lára eyín rẹ̀. Àwòrán tó ń gbé síta dára gan-an. Ẹrù tó ń fi ránṣẹ́ kò bá àwòrán mu rárá.

Ilé ìwé wa ra odidi páálí kan lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí a tú u, mo to ajá, ìkookò àti kìnnìún sórí tábìlì. Ọ̀kan tóbi ju èkejì lọ, ọ̀dà ara wọn sì yàtọ̀. Ṣùgbọ́n eyín kẹta lẹ́yìn ọ̀gàn (eyín gígùn tó rí ṣóńṣó), ní apá òsì párì ajá, ṣẹ́ díẹ̀ létí. Ibẹ̀ náà gan-an ni ti ìkookò ti ṣẹ́. Ibẹ̀ náà ni ti kìnnìún. Párì ajá kan ṣoṣo ló ṣe ní ìwọ̀n mẹ́ta, tó wá kùn ún lọ́dà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Bí ẹ ṣe máa dá a mọ̀ rèé. Ẹ mú párì ìsàlẹ̀, ẹ wo apá kan, kí ẹ ka eyín tó wà lẹ́yìn ọ̀gàn. Ti ajá jẹ́ 7, ti ìkookò jẹ́ 4, ti kìnnìún jẹ́ 3 péré, bíi ti ológbò ilé. Ajá kì í jẹ ẹran nìkan, ìdí nìyí tí eyín tó kẹ́yìn lẹ́nu rẹ̀ fi tẹ́ díẹ̀, kó lè rí nǹkan fi lọ oúnjẹ. Kìnnìún ò lọ nǹkan kan ní tiẹ̀: eyín òkè àti tìsàlẹ̀ ń kọjá lára ara wọn bí àlùmọ́gàjí, ó gé ẹran, ó gbé e mì. Ti ìkookò nípọn, ó sì ki, torí eegun ló fi ń fọ́. Ọmọ tí wọ́n bá gbé párì kan náà fún lẹ́ẹ̀mẹta, tí wọ́n ní kó sọ ìyàtọ̀, irọ́ ni yóò pa kó lè tẹ́ olùkọ́ lọ́rùn. Èyí dùn mí ju owó lọ.

Ewúrẹ́ rẹ̀ tún burú jù. Ó ní eyín iwájú lókè! Ta ló jẹ orí ewúrẹ́ rí tí kò mọ̀ pé erìgì líle ló wà níbẹ̀? Ehoro rẹ̀ ò ní eyín kékeré 2 tó máa ń fara pamọ́ sẹ́yìn eyín iwájú òkè, òyà rẹ̀ náà ò sì ní ilà 3 tó máa ń wà lójú eyín iwájú òkè kọ̀ọ̀kan.

Tí ẹ bá pè é, á ní bí wọ́n ṣe ń kó o wọlé láti China nìyẹn, pé ẹrù tí a bá ti tú kò ṣeé dá padà. Lẹ́yìn ìyẹn, kò ní gbé fóònù yín mọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ni ní Òṣogbo rà á lábẹ́ orúkọ ilé iṣẹ́ mìíràn, eyín tó ṣẹ́ yẹn ló bá nínú páálí tiẹ̀ náà.

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á pè yín lórí fídíò, kó yí párì ìsàlẹ̀ kìnnìún sí yín, kí ẹ fojú ara yín ka eyín náà. Tó bá ní kí ẹ san gbogbo owó sínú àkáǹtì tí orúkọ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ilé iṣẹ́, ẹ fi í sílẹ̀. Ti ewúrẹ́ àti òyà, kí lẹ tilẹ̀ fẹ́ fi ike ṣe? Ẹ ra orí lọ́wọ́ alápatà àti àwọn ìyá tó ń ta òyà, ẹ sè é títí ẹran yóò fi bọ́, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a.

Ẹ̀yin tí ẹ ti sanwó tí ẹrù ò tíì dé, ẹ kàn sí báǹkì yín lónìí, kí ẹ sì mú ẹjọ́ lọ sọ́dọ̀ FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà. Ẹ má ṣe pa rísíìtì àti ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ sọ lórí WhatsApp rẹ́. Ẹni tó bá sì rí eyín tó ṣẹ́ yẹn lára tiẹ̀, kó gbé fọ́tò rẹ̀ síbí, ká lè kó ẹ̀sùn wa pọ̀ sójú kan.