Pákó, Fáíbà, Irin tàbí Ike: Èwo Ni Ká Fi Ṣe Kọ́ńsólù Àárín Ọkọ̀ Ìjàpá?

Ẹni tí ó bá ra Volkswagen Beetle, tí gbogbo wa mọ̀ sí Ìjàpá, kò ní pẹ́ rí i pé àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà kò fi àyè kankan sílẹ̀ láàárín àga iwájú méjèèjì fún ife omi, fóònù tàbí owó ṣẹ́ńjì. Gegele irin kan ló la àárín ilẹ̀ ọkọ̀ náà já láti iwájú dé ẹ̀yìn, tí ọ̀pá jíà àti bíréèkì ọwọ́ sì jókòó lé e lórí. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tún Ìjàpá ṣe, yálà èyí tí wọ́n tò pọ̀ ní ilé-iṣẹ́ Volkswagen of Nigeria lójú ọ̀nà Badagry ní Èkó tàbí èyí tí wọ́n kó wọlé láti òkè òkun, fi máa ń wá ẹni tí yóò bá wọn ṣe kọ́ńsólù, ìyẹn àpótí kékeré tó ń jókòó láàárín àga iwájú méjèèjì, sí i. Ohun mẹ́rin ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe é, èmi kò sì gbà pé ọgbọọgba ni wọ́n.

Kí n tó fi ọ̀kan wé èkejì, ó yẹ kí n sọ ohun tí mo fi ń díwọ̀n gbogbo wọn. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì Ìjàpá wà, nítorí náà inú gegele yẹn ni ọ̀pá tó so ọwọ́ jíà mọ́ àpótí jíà gbà kọjá. Inú rẹ̀ náà ni wáyà kílọ́ọ̀ṣì, wáyà àsẹlẹrétọ̀ àti wáyà bíréèkì ọwọ́ wà, èyí tó sì léwu jù lọ ni páìpù tó ń gbé bẹntiróòlù láti táǹkì iwájú lọ sí ẹ̀yìn. Oníṣẹ́ tí kò mọ èyí, tó wá gbé dírílì, tó ń lu ihò sí gegele náà kí ó lè de skúrù mọ́ ọn, lè lu páìpù epo mọ́ ọn láìmọ̀, ìjàǹbá iná sì lè tibẹ̀ wá. Kọ́ńsólù Ìjàpá gbọ́dọ̀ gun gegele náà bí gàárì ṣe ń gun ẹ̀yìn ẹṣin ni, kí ó fi bí wọ́n ṣe gé e di ara rẹ̀ mú, kí ènìyàn sì lè gbé e kúrò láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀tì méjì tí a fi ń fa bíréèkì ọwọ́ le wà ní ìdí ọwọ́ bíréèkì náà gan-an, mẹkáníìkì kò sì gbọdọ̀ máa fọ́ kọ́ńsólù kí ó tó rí wọn.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ káfíńtà kì í mọ̀. Kí Ìjàpá tó lè fi ẹ̀yìn rìn, awakọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tẹ ọ̀pá jíà wálẹ̀, kí ó tó tì í sí òsì, kí ó sì fà á sẹ́yìn. Bí ojú ihò tí wọ́n gé fún ọ̀pá náà bá ga jù tàbí há jù, jíà mẹ́rin tó kù yóò wọlé dáadáa, ṣùgbọ́n rìfáàsì yóò kọ̀.

Pákó ni mo kọ́kọ́ máa ń dámọ̀ràn. Pláíwúùdù máríìnì, ìyẹn èyí tí omi kì í tètè bà jẹ́, tó nípọn tó mìlímítà 12 lágbára, ó rọrùn láti gé, kò sí àdúgbò tí kò ní káfíńtà tó lè fi ṣiṣẹ́, bí nǹkan kan bá sì bàjẹ́ lára rẹ̀, pátákó kan péré ni wọn yóò pààrọ̀. A lè fi awọ gidi tàbí awọ àtọwọ́dá bò ó kí ó bá àga mu, a sì lè lẹ ọ̀gànwó pẹlẹbẹ mọ́ ojú rẹ̀ kí a sì fi fáníìṣì kùn ún. Ìrókò lódindi rẹwà, ṣùgbọ́n ó wúwo ju ohun tí iṣẹ́ yìí ń fẹ́ lọ. Èyí tí mo bẹ̀ yín pé kí ẹ má gbà ni MDF, ìyẹn pátákó tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú igi àti gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀, bó ti wù kí owó rẹ̀ dínkù tó. Rọ́bà ojú gíláàsì Ìjàpá àtijọ́ máa ń jẹ́ kí òjò wọlé, orí ilẹ̀ ọkọ̀ ni omi náà sì ń dúró sí. Kọ́ńsólù MDF àkọ́kọ́ tí mo ṣe wú bí búrẹ́dì tí a rì sínú tíì kí òjò ọdún kan tó dá.

Fáíbà, ìyẹn aṣọ onígíláàsì tí wọ́n fi oje tí wọ́n ń pè ní rẹ́sìnì lẹ̀ pọ̀ títí yóò fi gan, ló tẹ̀ lé e, ẹni tó bá fẹ́ kí kọ́ńsólù rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ bí ara Ìjàpá fúnra rẹ̀ kò lè rí ohun tó dára jù ú lọ. Omi kò lè wú u, ó sì lè bá ìrísí gegele náà mu pátápátá, nítorí pé orí gegele náà, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi ọ̀rá bò ó dáadáa, ni wọ́n ti lè mú àwòṣe rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ oníṣẹ́ ni gbogbo rẹ̀ wà. Ìpele aṣọ fáíbà kan tàbí méjì yóò máa gbọ̀n, yóò sì máa dún lójú ọ̀nà wa. Mẹ́ta ni kí ẹ béèrè fún, ó kéré tán. Bí oníṣẹ́ bá da oògùn tó ń mú kí rẹ́sìnì fáíbà gan pọ̀ jù nínú ooru ọ̀sán, yóò gbóná lójijì, yóò sì sán. Bí ó bá sì lo fóòmù funfun tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n sínú páálí láti fi ṣe àwòṣe, rẹ́sìnì pọ́líẹ́sítà yóò jẹ fóòmù náà yọ́. Àwọn tó ń tún bọ́ńpà ṣe tàbí tó ń kan ọkọ̀ ojú omi ni mo fọkàn tán jù fún iṣẹ́ yìí. Owó iṣẹ́ rẹ̀ máa ń ga ju ti pákó lọ, nítorí pé fífi sáńpépà dán an nìkan lè gba ọjọ́ púpọ̀.

Irin páànù kò yẹ fún kọ́ńsólù odindi: ó ń dípẹtà, ó ń dún, etí rẹ̀ sì lè gé ènìyàn. Kí panẹ́bítà fi ṣe ìgbátí kékeré nínú èyí tí a fi pákó kàn, ó tó.

Ti ike tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ ní òkè òkun máa ń mọ́ lójú, kò sì ní kí ènìyàn dúró de oníṣẹ́. Àléébù rẹ̀ ni pé Ìjàpá ọdún kan yàtọ̀ sí ti ọdún mìíràn, nítorí náà ó yẹ kí ẹ wọn ọkọ̀ yín kí ẹ tó sanwó. Ọkọ̀ tó ti wà ní Nàìjíríà kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í wa ọkọ̀ ní apá ọ̀tún títì ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin ọdún 1972 lè jẹ́ èyí tí sítíárì rẹ̀ wà lápá ọ̀tún, kọ́ńsólù tí àwọn àpò rẹ̀ kọjú sí awakọ̀ apá òsì yóò sì wá kọ ẹ̀yìn sí yín. Káfíńtà lè yí tirẹ̀ padà láìsí wàhálà; ike kò ṣeé yí.

Bí ẹ bá fẹ́ ojú ihò tí a ti ń sájì fóònù, ẹ jẹ́ kí rìwáyà kọ́kọ́ wò bóyá iná fóòtì (volt) 6 ni ọkọ̀ náà ń lò tàbí 12, nítorí pé àwọn Ìjàpá àtijọ́ jẹ́ fóòtì 6. Kí wáyà náà ní fíúsì tirẹ̀, kí wọ́n sì fi pílọ́ọ̀gì tó ṣeé yọ sí i, kí kọ́ńsólù lè jáde láìgé wáyà.

Èyíkéyìí tí ẹ bá yàn, ẹ ní kí oníṣẹ́ kọ́kọ́ fi páálí ṣe àwòṣe rẹ̀ sínú ọkọ̀. Ẹ jókòó, ẹ ti àga síwájú, ẹ tì í sẹ́yìn, ẹ wọ gbogbo jíà títí kan rìfáàsì, ẹ sì fa bíréèkì ọwọ́ dé òkè. Lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá parí, ẹ má san owó tó kù títí oníṣẹ́ náà yóò fi yọ kọ́ńsólù náà lójú yín, tí yóò sì dá a padà.