Forget tàbí Reset: èwo ló yẹ kó ṣáájú bí Wi-Fi bá kọ̀?

Bí fóònù bá rí Wi-Fi ṣùgbọ́n tó kọ̀ tí kò wọlé, ọ̀pọ̀ èèyàn á ti fẹ́ reset gbogbo ètò nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe sùúrù. Forget ló yẹ kó ṣáájú.

Wi-Fi kan ṣoṣo ni Forget kàn. Fóònù á pa password rẹ̀ àti gbogbo ohun tó tọ́jú nípa rẹ̀ rẹ́, ẹ óò wá tẹ password náà lọ́tun. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ti yí password lórí ráútà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń pín Wi-Fi, tí fóònù ṣì ń lo ti àtijọ́, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí. Kí password ti wà lọ́wọ́ yín kí ẹ tó tẹ Forget o, pẹ̀lú lẹ́tà ńlá àti kékeré rẹ̀ bó ṣe wà gan-an.

Reset ní tiẹ̀, gbogbo ilé ló ń gbá. Gbogbo Wi-Fi tí fóònù ti mọ̀ rí á lọ. Lórí Android, àwọn ohun tí ẹ so mọ́ ọn pẹ̀lú Bluetooth náà lè já. Fọ́tò, àtẹ̀jíṣẹ́ àti nọ́ńbà àwọn èèyàn yín kò ní fara gbá a. Ìgbà tí kò bá sí Wi-Fi kankan tó gba fóònù yín, tí dátà SIM náà tún ń ṣe ségesège, ni mo gbà pé ó tọ́.

Bí fóònù ẹlòmíràn náà kò bá rí íntánẹ́ẹ̀tì lórí Wi-Fi yẹn, ẹ fi fóònù yín sílẹ̀. Ráútà ni kí ẹ pa, kí ẹ sì tún un tàn.