Ẹ̀rọ wo ni kò ní jẹ́ kí ohùn ya kúrò lára àwòrán? Ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ gbé kásẹ́ẹ̀tì fídíò àtijọ́ wọ kọ̀ǹpútà

Ẹni tó bá ní kásẹ́ẹ̀tì Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní Kétu kì í pẹ́ mọ̀ bí ohùn bá ti ya kúrò lára àwòrán, torí pé ẹsẹ̀ oníjó àti ìró ìlù gbọ́dọ̀ balẹ̀ pọ̀. Bí irin ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń dún lẹ́yìn tó ti gbé ẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀, ijó ti bàjẹ́ nìyẹn. Nítorí náà, bí àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí ṣe ń so ohùn mọ́ àwòrán ni mo fi ń wọ̀n wọ́n níhìn-ín, kì í ṣe bí àwòrán wọn ṣe mọ́ tó.

Ibi méjì ni àṣìṣe náà ti ń wá. Èkíní wà lára kásẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀: téèpù tó ti gbó, tó ti fà, tàbí tí ọ̀rinrin ọ̀sà Àjàṣẹ́ ti mú kí nǹkan funfun hù sí lára, kì í rán àwòrán jáde lọ́gbọọgba mọ́, ẹ̀rọ tó ń gbà á yóò sì máa fo àwọn tí kò rí dì mú. Àwòrán 25 ni fídíò tiwa ń fi hàn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹ̀rọ bá fo ẹyọ kan péré ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, tí kò sì fi nǹkan dí àyè rẹ̀, ohùn yóò ti fi ìṣẹ́jú àáyá 2.4 gbẹ̀yìn nígbà tí wákàtí kan bá pé. Èkejì ni aago. Bí ẹ̀rọ kan bá ń gba àwòrán, tí òmíràn sì ń gba ohùn, kálukú ló ní aago tirẹ̀ nínú. Bí ọ̀kan bá fi ìdá kan nínú 10,000 yára ju èkejì lọ, ìyàtọ̀ yóò di ìṣẹ́jú àáyá 0.36 ní wákàtí kan. Ìyẹn kò kéré, nítorí ìlànà ITU, àjọ àgbáyé fún ìbánisọ̀rọ̀, fi hàn pé ènìyàn ti ń fura bí ohùn bá fi ìṣẹ́jú àáyá 0.045 ṣáájú àwòrán, tàbí tó bá fi ìṣẹ́jú àáyá 0.125 gbẹ̀yìn.

Ẹ̀rọ kékeré tí a ń tì bọ ihò USB ni owó rẹ̀ kéré jù. Ẹ wo wáyà rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó rà á. Bí ó bá ní ibi tí wáyà pupa àti funfun ti ohùn ń wọ̀, ó dára díẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ti àwòrán nìkan, tí wọ́n ní kí ẹ fi ohùn sí ihò gbohùngbohùn kọ̀ǹpútà, ẹ fi í sílẹ̀, torí aago méjì ni ẹ ń rà yẹn. Irú rẹ̀ ni mo fi gba kásẹ́ẹ̀tì ìsọmọlórúkọ kan nílé wa: nígbà tí a fi dé ibi àdúrà, ààfáà ti pa ẹnu dé, àdúrà ṣì ń jáde. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé orúkọ EasyCap tó wà lára páálí, nítorí ohun tó wà nínú wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Àpótí DV, ìyẹn èyí tó ń sọ fídíò kásẹ́ẹ̀tì di fídíò oní-nọ́ńbà irú DV, bíi Canopus ADVC-110, yàtọ̀ pátápátá. Inú rẹ̀ ni ó ti ń de ohùn mọ́ àwòrán kí ó tó rán an sí kọ̀ǹpútà. Àléébù rẹ̀ ni pé ihò FireWire ni ó ń lò, èyí tí kò sí lára ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tuntun, àti pé wákàtí kan yóò gba àyè bíi 13 GB.

Ẹ̀rọ tó ń gba fídíò sórí àwo DVD ni mo fẹ́ràn jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń jù ú sẹ́yìn ilé. Ó ń gba ohùn àti àwòrán pọ̀ nínú àpótí kan ṣoṣo, nítorí náà wọn kì í sábà yà. Ó tún ní iṣẹ́ kejì tí àwọn òǹtajà kì í sọ: ẹ lè jẹ́ kí àwòrán kásẹ́ẹ̀tì gba inú rẹ̀ kọjá láìfi àwo sí i, kí ó tún àwòrán tó ń gbọ̀n ṣe kí ó tó dé ẹ̀rọ USB. Panasonic DMR-ES10 àti ES15 gbajúmọ̀ fún èyí. Tòkúnbọ̀ ni ẹ óò rí, òun àti ẹ̀rọ USB olóhùn sì ni èmi yóò fi owó mi rà pọ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ń da àwọn ènìyàn láàmú níhìn-ín. Ìlànà méjì tí wọ́n fi ń gbé àwọ̀ jáde lórí tẹlifíṣọ̀n ni SECAM àti PAL. Láyé kásẹ́ẹ̀tì, SECAM ni orílẹ̀-èdè Benin fi ń ṣe tẹlifíṣọ̀n, PAL sì ni Nàìjíríà, ìdí nìyẹn tí kásẹ́ẹ̀tì tí a rà ní Èkó àti èyí tó wá láti Faransé fi lè wà nínú àpótí kan náà ní Sábẹ. Bí ẹ̀rọ kò bá gba SECAM, dúdú àti funfun ni ẹ óò rí, ṣùgbọ́n àwòrán 25 ni àwọn méjèèjì ń lò, kò sì kan bí ohùn ṣe ń rìn. Ẹ ṣáà béèrè kí ẹ tó sanwó.

Ẹ má fi ìṣẹ́jú márùn-ún dán ẹ̀rọ wò. Ẹ gba kásẹ́ẹ̀tì wákàtí kan, kí ẹ sì wo ibi tí wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́ tàbí lu ìlù ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní ìparí. Bí ìyàtọ̀ bá jẹ́ bákan náà ní ibi méjèèjì, ẹ kàn sún ohùn síwájú tàbí sẹ́yìn. Bí ó bá ń pọ̀ díẹ̀díẹ̀, aago ni; ẹ lè fi Audacity, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń tún ohùn ṣe, fa ohùn gùn tàbí kí ẹ sún un kì. Bí ó bá fò lójijì láàárín, àwọn àwòrán ti sọnù níbẹ̀, kò sì sí bí ẹ ṣe lè fà á tí yóò bára mu: ẹ̀rọ yẹn ni kí ẹ dá padà.