Àgbéyẹ̀wò ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi 40 HP àlòkù: kí ló dé tí kì í lè gbéra?

Ẹ́ńjìnnì tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ 40 HP (agbára ẹṣin 40), onísílíńdà méjì, two-stroke (irú èyí tí a ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀), èyí tí a ń fi okùn fà. Orí adágún Ìkéré, níbi tí wọ́n ti sé odò Ògùn nítòsí Ìsẹ́yìn, ni mo ti ń lò ó; Ọ̀yọ́ ni a ti ń tún un ṣe. Ó lágbára, kò ní kọ̀ǹpútà kankan nínú, mẹkáníìkì tó bá mọ Vespa àtijọ́ lè tú u kó sì tò ó padà. Àléébù kan ló ń da àwọn tó ní in láàmú: bí ọkọ̀ bá ṣófo, ó ń sáré, bí èèyàn mẹ́rin bá wọlé pẹ̀lú àwọ̀n àti ẹja, imú ọkọ̀ á gbé sókè, ìdí á rì, kò ní lè gun orí omi.

Kí ẹ tó mú sípánà, ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀ nígbà tí ẹ bá yí tọ́tù (ọwọ́ tí a fi ń fún ẹ́ńjìnnì ní epo) dópin. Bí ó bá ń han gooro tí ọkọ̀ kò sì kúrò lójú kan, ìsàlẹ̀ ni àrùn wà, níbi fáànù tó ń yí nínú omi láti ti ọkọ̀ síwájú. Bí ohùn bá wúwo bí ti ẹni tí wọ́n di ẹrù rù, òkè ni: epo, iná tàbí kọmpíréṣọ̀n (agbára tí sílíńdà fi ń fún afẹ́fẹ́ àti epo pọ̀). Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì kì í béèrè èyí, kabúrétọ̀ (ibi tí epo ti ń pò mọ́ afẹ́fẹ́) ni wọ́n ń sáré tú, owó oníbàárà sì ń lọ lórí ohun tí kò bàjẹ́.

Ti epo ló wọ́pọ̀ jù. Ẹ wo ìdérí táǹkì: ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé gbọ́dọ̀ ṣí. Bí ó bá wà ní títì, ẹ́ńjìnnì á ṣiṣẹ́ dáadáa fúngbà díẹ̀, lẹ́yìn náà epo kò ní wá mọ́. Lẹ́yìn èyí, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan máa tẹ rọ́bà àárín họ́ọ̀sì bí ọkọ̀ ṣe ń gbéra. Bí agbára bá padà lójú ẹsẹ̀, ẹ fi kabúrétọ̀ sílẹ̀. Awọ inú páǹpù epo ti gan, tàbí họ́ọ̀sì ń fa afẹ́fẹ́, tàbí fílítà ti dí. Nílé wa níhìn-ín, họ́ọ̀sì ọ̀kadà tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n sábà fi ń rọ́pò èyí tó bàjẹ́. Kò tó. Kí ihò inú rẹ̀ má kéré sí mílímítà 8, nítorí bí ó bá kéré jù, ẹ́ńjìnnì á máa jẹun dáadáa nígbà tó bá rọra ń lọ, ṣùgbọ́n ebi á máa pa á nígbà tí ẹ bá yí tọ́tù dópin.

Bí kò bá yí padà, ó kan kabúrétọ̀ wàyí. Bẹntiróòlù tó bá jókòó sínú rẹ̀ á gbẹ, á lẹ̀ bí oje igi, á dí ihò ńlá tí epo ń gbà kọjá. Ẹ fi oògùn kabúrétọ̀ àti afẹ́fẹ́ fọ̀ ọ́. Ẹ má fi wáyà gún un. Ihò tó bá fẹ̀ sí i kò ṣeé tún ṣe. Kí ẹ tó dé e, kí ẹnì kan yí tọ́tù nígbà tí ẹ́ńjìnnì wà ní pípa, kí ẹ fojú rí i pé ìlẹ̀kùn afẹ́fẹ́ inú kabúrétọ̀ ṣí tán. Kébù tọ́tù tó bá ti fà gùn lè ṣí i dé ìdajì péré.

Ọ́ìlì: èyí tí wọ́n kọ TC-W3 (àmì ọ́ìlì two-stroke ti ojú omi) sí lára, epo 50 sí ọ́ìlì 1. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 yóò gba mílílítà 500 géérégé. Àwọn tó ń bu ìlọ́po méjì nítorí ìbẹ̀rù ń fi èéfín bo púlọ́ọ̀gì, èyí tó ń tanná ran epo, ni.

Ẹ tú púlọ́ọ̀gì méjèèjì, ẹ tò wọ́n síra. Àwọ̀ ẹ̀pà yíyan dára. Èyí tó dúdú tó sì tutù kò jó epo rẹ̀ tán; èyí tó funfun ń gba epo díẹ̀, ó sì ń gbóná jù. Bí ẹ bá fura sí ọ̀kan, ẹ pààrọ̀ wọn sí ipò ara wọn: bí àrùn bá tẹ̀ lé e, púlọ́ọ̀gì ni; bí kò bá tẹ̀ lé e, ẹ wo kọ́ìlì tó ń fún un níná. Kọmpíréṣọ̀n ń kọ́? Púlọ́ọ̀gì méjèèjì níta, tọ́tù ní ṣíṣí, ẹ fi géèjì kọmpíréṣọ̀n sí ihò púlọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fa okùn bí ìgbà márùn-ún. Ohun tó ṣe kókó ni kí iye méjèèjì sún mọ́ra. Bí ọ̀kan bá ka psi 120, tí èkejì sì ka 90, kò sí kabúrétọ̀ tó lè gbà á là.

Ní ti ìsàlẹ̀, rọ́bà kan wà láàárín irin inú fáànù àti ara fáànù. Kùkùté tó rì sínú adágún ló ń ba rọ́bà yìí jẹ́. Ẹ fi ọ̀dà funfun fa ìlà láti irin inú dé ara fáànù, ẹ fi gbogbo agbára gbéra lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ padà wò ó. Bí ìlà bá ti já sí méjì, ó ń yọ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi bóòtù kàn án pọ̀: rọ́bà yẹn ló ń dáàbò bo gíà, kùkùté tó bá tún kọlù ú á fọ́ eyín gíà.

Ẹ tún ka nọ́ńbà ara fáànù. Ti kejì, tí í ṣe pitch, ni iye ínṣì tí yóò fi tì yín síwájú nínú ìyípo kan. Bí ẹrù bá pọ̀, èyí tó kéré ló dára. Ínṣì kan tí ẹ bá dín ń fi nǹkan bí ìyípo 150 sí 200 kún iye tí ẹ́ńjìnnì ń yí láàárín ìṣẹ́jú kan. Irin pẹlẹbẹ tó wà lókè fáànù gbọ́dọ̀ bá ìdí ọkọ̀ dọ́gba, tàbí kó rẹlẹ̀ sí i ní ínṣì kan. Bí ó bá ga jù, afẹ́fẹ́ ni fáànù á máa gbá.

Omi ìdí ọkọ̀ náà wà lára ẹrù. Lítà 50 rẹ̀ wúwo tó àpò sìmẹ́ńtì kan.

Mo ṣì máa rà á fún ẹni tó ń pa ẹja lórí omi adágún, bó tilẹ̀ ń mu epo púpọ̀. Ẹ kàn rí i pé ẹ mú géèjì kọmpíréṣọ̀n dání lọ sọ́dọ̀ ẹni tó fẹ́ tà á, kí ẹ sì wọn sílíńdà méjèèjì lójú rẹ̀ kí ẹ tó san kọ́bọ̀.