Ilé-Ẹ̀kọ́ Yorùbá Ọjọ́ Sátidé Kan ní Gúúsù Lọ́ńdọ̀nù: Bí Wọ́n Ṣe Ń Yan Olùkọ́ àti Bí Wọ́n Ṣe Ń Tì Wọ́n Lẹ́yìn

Ọ̀pọ̀ òbí Yorùbá tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù máa ń béèrè iye owó, ibùdókọ̀ tó súnmọ́ ibẹ̀ àti aago tí ẹ̀kọ́ ń parí kí wọ́n tó fi orúkọ ọmọ sílẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ Sátidé, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń béèrè ẹni tí yóò dúró níwájú ọmọ náà àti ọ̀nà tí ẹni náà gbà dé ibẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ wà ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, nínú gbọ̀ngàn ìjọ kan tí wọ́n ń háyà. Àyè ti kún níbẹ̀ fún sáà yìí, nítorí náà mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Àwọn ọmọ mi méjèèjì ń lọ síbẹ̀. Owó rẹ̀ fi díẹ̀ wọ́n ju ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, mo sì gbà pé ó yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lórí olùkọ́ kí ó tó rí ọmọ kankan kọ́.

Ìwádìí lórí ẹni tó ń wá iṣẹ́ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé-ẹ̀kọ́ tó ń ṣí fún wákàtí díẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀ kì í sáábà sí lábẹ́ àyẹ̀wò tí Ofsted, àjọ ìjọba tó ń bẹ ilé-ẹ̀kọ́ wò, ń ṣe fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí ọmọ ń lọ láàárín ọ̀sẹ̀, nítorí náà òbí ni yóò fi ojú ara rẹ̀ wo ọ̀pọ̀ nǹkan. Níbí, kò sí ẹni tó ń wọ kíláàsì láìṣe àyẹ̀wò DBS, ìyẹn àyẹ̀wò ìjọba bóyá ẹni náà ti dá ọ̀ràn rí, èyí tó rọ́pò CRB àtijọ́ ní oṣù Kejìlá ọdún 2012. Wọ́n ń béèrè ẹni méjì tí yóò jẹ́rìí sí ìwà rẹ̀ tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀, wọn kì í sì í fi àgbàlagbà kan ṣoṣo sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ. "A mọ̀ ọ́n ní ìjọ" kò tó fún wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbọ̀ngàn ìjọ ni wọ́n ń lò.

Ìdánwò ló tẹ̀ lé e, ibẹ̀ ni mo sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọkàn tán wọn. Wọ́n á fún ẹni náà ní ìpínrọ̀ kan tí kò ní àmì ohùn, pé kó fi àmì sí i ní ìlànà àkọtọ́ tí wọ́n fẹnu kò sí ní Nàìjíríà ní ọdún 1974. Lẹ́yìn náà, wọ́n á ní kó fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọ́ ọmọ márùn-ún ní orúkọ èlò ọbẹ̀ mẹ́rin láìsọ Gẹ̀ẹ́sì rárá. Wọ́n gba àwa òbí láyè láti jókòó wò ó. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ti kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ girama nílé fún ọ̀pọ̀ ọdún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ohun tí ọ̀rọ̀-orúkọ jẹ́, àwọn ọmọ sì ń wò ó lẹ́nu. Ẹni tó tẹ̀ lé e, ìyá kan tó ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó, gbé ata rodo kan sókè, ó ṣe bí ẹni tó gé e jẹ, ó la ẹnu, ó ń fi ọwọ́ fẹ́ ahọ́n rẹ̀, ó ní, "Yéè! Ata yìí ta o!" Kó tó mú àlùbọ́sà jáde, ọmọ tó kéré jù níbẹ̀ ti ń pariwo, "Ó ta! Ó ta!" Ìyá náà ni wọ́n gbà. Wọ́n ní kí ọ̀gbẹ́ni náà wá ṣe olùrànlọ́wọ́ fún sáà kan kó tó tún gbìyànjú, ó sì gbà bẹ́ẹ̀, èyí tí mo ka sí ìwà àgbà.

Àwọn kan bínú nítorí ọ̀rọ̀ yìí, pé báwo ni ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí yóò ṣe jókòó ti ẹni tí kò ní. Lójú tèmi, ìdájọ́ ilé-ẹ̀kọ́ náà tọ̀nà. Olùkọ́ tó gba NCE tàbí oyè nínú Yorùbá nílé kọ́ bí a ṣe ń múra ọmọ tó ti gbọ́ èdè sílẹ̀ fún ìdánwò WAEC; gírámà, àròkọ, lítíréṣọ̀ àti àṣà ni iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù kò tíì lè béèrè omi. Kò sí GCSE, ìdánwò tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ń ṣe níbí, fún Yorùbá bó ṣe wà fún Urdu, Panjabi àti Polish, nítorí náà kò sí ìlànà ẹ̀kọ́ kan tí olùkọ́ lè gbára lé, ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ló ń gbé tirẹ̀ kalẹ̀. Níbi tí àwọn ọmọ mi kọ́kọ́ lọ, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀ ní Sátidé ni wọ́n ń pè wá kọ́ni. "A, b, d, e, ẹ" ni wọ́n ń dà kọ láti oṣù Kẹsàn-án títí di Kérésìmesì, ọmọbìnrin mi sì mọ̀ ọ́n kọ dáadáa láìmọ bí wọ́n ṣe ń kí màmá mi lórí fóònù.

Ìdálẹ́kọ̀ọ́ ń gba odindi sáà kan. Olùkọ́ tuntun á kọ́kọ́ jókòó ti ẹni tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà, lẹ́yìn náà á máa gba apá kan ẹ̀kọ́ ṣe, kí wọ́n tó fa kíláàsì lé e lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n ń tẹnu mọ́ jù ni bí a ṣe ń dáhùn sí àṣìṣe. Bí ọmọ bá ní "Mo want omi," olùkọ́ kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín, kò sì gbọdọ̀ ní kó tún un sọ, yóò ní, "O fẹ́ omi? Omi rèé, gbà," yóò sì gbé e fún un. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ìkíni. Lójú mi báyìí, ọmọkùnrin kan wọlé, ó wo olùkọ́ tó tó ìyá rẹ̀ àgbà, ó ní, "Báwo ni?" Olùkọ́ náà kò bá a wí. Ó yíjú sí olùrànlọ́wọ́ rẹ̀, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ mà, ṣé ẹ jí dáadáa?" Ó wá bojú wo ọmọ náà, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Àwọn òbí kan ṣì ní ó yẹ kí wọ́n bá a wí gan-an. Èmi kò bá wọn gbà, nítorí èdè tí ọmọ náà ń sọ láti ọjọ́ Ajé dé Ẹtì kò ní ọ̀nà kan fún àgbà àti ọ̀nà mìíràn fún ọmọdé.

Ibi kan wà nínú ìdálẹ́kọ̀ọ́ náà tí mi ò ti gbà pẹ̀lú wọn. Wọ́n máa ń fi ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970 ṣe àwòkọ́ṣe fún ohun gbogbo. Ètò yẹn lókìkí lọ́nà tó yẹ: Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, olùkọ́ ọ̀tọ̀ ló ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ṣe ìwé tuntun fún un. Ṣùgbọ́n inú ilé ni àwọn ọmọ Ifẹ̀ ti gbọ́ Yorùbá wá, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ni wọ́n ń fi kọ́. Tiwa, èdè náà fúnra rẹ̀ ni. Àwọn Māori ní New Zealand, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ Kōhanga Reo, ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ kéékèèké ní èdè wọn, ní ọdún 1982, tí wọ́n fi àwọn àgbà tó gbọ́ èdè sáàárín ọmọ kéékèèké tí kò gbọ́ ọ, ló jọ tiwa jù, mi ò sì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ wọn.

Lẹ́yìn tí olùkọ́ bá ti gba kíláàsì, wọn kì í fi í sílẹ̀ fún ara rẹ̀. Àpótí ńlá wà tí wọ́n kó káàdì aláwòrán, igbá, ìkòkò àti náírà bébà sí, kí olùkọ́ má bàa máa ná owó ara rẹ̀. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ máa ń wọlé jókòó sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kì í sì í sọ ohunkóhun títí àwọn ọmọ yóò fi lọ. Ní ìpàdé òpin sáà ni wọ́n ti fẹnu kò pé olùkọ́ tó jẹ́ ará Èkìtì tàbí Ìjẹ̀bú kò ní láti pa ohùn ìlú rẹ̀ tì nígbà tó bá ń bá àwọn ọmọ ṣeré, bí ohun tí wọ́n ń kọ sílẹ̀ bá ti jẹ́ Yorùbá àjùmọ̀lò. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti pinnu pé òǹkà kò ní kọjá ogún ní ọdún àkọ́kọ́, nítorí mẹ́tàdínlógún, tí í ṣe ogún tí a yọ mẹ́ta kúrò nínú rẹ̀, ti tó wàhálà fún ọmọ ọdún mẹ́fà. Wọ́n tún pe onímọ̀ nípa ọ̀rọ̀ sísọ ọmọdé wá bá àwọn olùkọ́ sọ̀rọ̀, torí àwọn òbí kan ṣì gbà pé Yorùbá ló ń dá ọ̀rọ̀ ọmọ dúró. Èdè méjì kì í fà á. Ó tù mí lára pé olùkọ́ ló ṣàlàyé èyí fún ọkọ mi, ó ti rẹ èmi láti máa sọ ọ́.

Àléébù wà. Wákàtí kan péré ni wọ́n ń sanwó rẹ̀ fún ìmúra ẹ̀kọ́, ẹni tó bá sì mọ bí wọ́n ṣe ń gé káàdì lóru Ẹtì mọ́jú Sátidé mọ̀ pé kò tó. Ọkùnrin kò pọ̀ láàárín wọn. Ní àárín sáà tó kọjá, wọ́n pààrọ̀ olùkọ́ àbíkẹ́yìn mi láìsọ fún wa. Ọmọ náà délé, ó ní, "Àǹtí wa ti lọ," ó sì tó ọ̀sẹ̀ kan kí ìwé kékeré kan tó jáde nínú báàgì rẹ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan lórí WhatsApp ì bá ti tó.

Èyí tó burú jù ni kíláàsì orí Zoom tí wọ́n ń ṣe ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú. Àwọn olùkọ́ kan náà ni, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó dá wọn lẹ́kọ̀ọ́ fún un. Olùkọ́ kò lè gbé omi fún ọmọ tó béèrè omi, ata tó gbé sókè kò fi bẹ́ẹ̀ hàn, nígbà tó bá sì di ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó ti padà sí títúmọ̀ ọ̀rọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, ohun tí wọ́n kọ́ ọ pé kó má ṣe. Mo ti sọ fún ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n sì ní àwọn yóò ṣètò ìdálẹ́kọ̀ọ́ fún un ní sáà tó ń bọ̀. Títí dìgbà náà, kí ẹni tó jìnnà sí gúúsù Lọ́ńdọ̀nù wá ilé-ẹ̀kọ́ tó wà nítòsí rẹ̀. Owó kan náà ni wọ́n ń gbà fún méjèèjì, ti orí Zoom kò sì tíì tó owó yẹn.