Ibi àtúnṣe bátìrì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Ouando, Àjàṣẹ́: ọ̀gá mọṣẹ́, ọmọṣẹ́ ń dáná

Wáyà pupa àti dúdú ara bátìrì mi ni ọmọṣẹ́ jọ ki bọ ẹnu ẹ̀mú, ó sì gé méjèèjì pọ̀. Pàá! Iná funfun bù yẹ̀rì, ẹnu ẹ̀mú dá ihò méjì.

Ẹnu XT60 (ibi tí a ti ń so bátìrì mọ́ dírónù) tó ti yọ́ ni mo ní kí wọ́n bá mi pààrọ̀ lára bátìrì lítíọ́ọ̀mù (LiPo) ti dírónù, 3S (sẹ́ẹ̀lì mẹ́ta tí wọ́n so tẹ̀léra), 2200 mAh. Wáyà kan ni à ń gé lẹ́ẹ̀kan. A ó fi òjé jó o mọ́ ẹnu tuntun, a ó bò ó, kí a tó fọwọ́ kan èkejì. Irin ni ẹ̀mú. Tó bá há wáyà méjì pọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló so wọ́n, bátìrì kékeré yẹn sì lè tú ju 100 ámpù jáde lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọmọṣẹ́ tó wá bí mi nínú jù: "Kò ṣe nǹkan kan, ẹ̀gbọ́n. Ẹ kàn lọ ṣáàjì ẹ̀." Ṣáàjì kẹ̀? Bátìrì tí ẹnikẹ́ni kò tíì wọ̀n!

Ọ̀gá gbọ́ ariwo, ó jáde. Kò kọ́kọ́ bá ẹnikẹ́ni jà. Ó gbé bátìrì síta, ó tẹ́ ẹ sórí yanrìn nínú ìkòkò irin àtijọ́, jìnnà sí ògiri, ó ní kí a jókòó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bó bá máa wú, ibẹ̀ ni kó ti wú. Lẹ́yìn náà ló gbóòórùn rẹ̀: òórùn dídùn, bíi ti omi tí wọ́n fi ń nu ọ̀dà èékánná, túmọ̀ sí pé ó ti ń jò, ó parí nìyẹn. Kò rùn. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án, kò gbóná. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, kò mì: ikùn rẹ̀ kò wú.

Ó wá ti mítà bọ ẹnu funfun kékeré, èyí tí wáyà sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan já sí, ó wọn sẹ́ẹ̀lì lọ́kọ̀ọ̀kan: 3.86, 3.85, 3.86 fólítì. Èyí tó bá wà lábẹ́ 3.0, kò ní ṣáàjì ẹ̀ láé. Agbára ìdènà inú wọn, ìyẹn bí inú sẹ́ẹ̀lì ṣe ń dí iná lọ́nà tó, jẹ́ 9, 10, 9 mílíóòmù; bí ọ̀kan bá fò sókè ju àwọn yòókù lọ, ìsopọ̀ inú rẹ̀ ti lè bàjẹ́. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sórí tépù, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ bátìrì, ó ní: "Ẹ padà wá lọ́la." Sẹ́ẹ̀lì tí ọ̀nà iná méjèèjì ti ń kan ara wọn díẹ̀díẹ̀ nínú rẹ̀ kì í hàn lójú ẹsẹ̀, òru ọjọ́ kan ló ń tú u fó. (Ẹ̀yin tí ẹ ń kó bátìrì àti kọ́kọ́rọ́, irin bíi ti ẹ̀mú, sínú àpò kan náà lórí ọ̀kadà zemidjan láti Kétu, ẹ ń gbọ́?)

Lọ́jọ́ kejì, òǹkà kò yí padà. Lẹ́yìn tí wọ́n jó ẹnu tuntun mọ́ ọn, ọ̀gá ṣáàjì ẹ̀ níta, lórí sìmẹ́ńtì, pẹ̀lú 1.1 ámpù dípò 2.2, kò sì kúrò nídìí rẹ̀ títí gbogbo sẹ́ẹ̀lì fi dé 4.20 fólítì. Mi ò tíì rí irú sùúrù bẹ́ẹ̀.

Àfi ìgbà tó kan owó. Wọ́n ka XT60 méjì sí mi lọ́rùn, torí ọmọṣẹ́ tún jó ẹnu tuntun àkọ́kọ́ yọ́. Wọ́n tún ń wojú mi nítorí ẹ̀mú tó dá ihò!

Ìràwọ̀ márùn-ún nínú márùn-ún fún ọ̀gá. Bí ẹ bá dé ibẹ̀ tó jẹ́ ọmọṣẹ́ nìkan ló wà nílé, ẹ má gbé bátìrì jáde nínú àpò.