Anselm tàbí Aquinas: ẹ̀rí ta ni kí n lò?

Ẹni tó bá fẹ́ fi làákàyè ti ìgbàgbọ́ lẹ́yìn, kó fi hàn pé Ọlọ́run wà, sábà máa ń bá ọ̀nà méjì pàdé. Ọ̀kan jẹ́ ti Anselm, tó kọ ìwé rẹ̀ Proslogion ní nǹkan bí ọdún 1077 sí 1078, nílé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìnìkangbé ní Bec, nílẹ̀ Faransé. Èkejì jẹ́ ti Thomas Aquinas, onímọ̀ ẹ̀kọ́ ìsìn ọ̀rúndún kẹtàlá: ẹ̀rí márùn-ún tí wọ́n ń pè ní ọ̀nà márùn-ún, nínú ìwé rẹ̀ Summa Theologiae.

Ti Anselm kò gùn. Ọlọ́run ni ẹni tí a kò lè ronú kan ohun tó tóbi jù ú lọ; bó bá jẹ́ inú ọkàn nìkan ló wà, a ṣì lè ronú kan èyí tó tóbi jù, ìyẹn èyí tó wà lóòótọ́. Ewu rẹ̀ nìyí: Gaunilo, ajẹ́jẹ̀ẹ́ bíi tirẹ̀, bi í bóyá erékùṣù tó dára jù lọ náà gbọ́dọ̀ wà torí pé a ronú kàn án. Anselm fèsì, àmọ́ Aquinas pàápàá kò gba ẹ̀rí náà.

Aquinas bẹ̀rẹ̀ láti ohun tí ojú ń rí: ohun tó ń yí padà, ohun tó ní okùnfà. Ó gba sùúrù, torí èèyàn ní láti kọ́kọ́ fi hàn pé okùnfà kò lè máa lọ sẹ́yìn láìlópin, kó tó lè sọ pé okùnfà àkọ́kọ́ kan wà, ìyẹn Ọlọ́run. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Wọ́n rò pé ọjọ́ tí ayé bẹ̀rẹ̀ ló ń sọ. Rárá o! Okùnfà tó ń gbé nǹkan ró nísinsìnyí ló ní lọ́kàn. Aquinas fúnra rẹ̀ sọ pé ìgbàgbọ́ ló fi hàn pé ayé ní ìbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe làákàyè.

Fún onígbàgbọ́ tó ń ṣàṣàrò, ti Anselm yá. Bí àdúrà ló ṣe kọ ọ́. Bó bá jẹ́ aláìgbàgbọ́ lẹ ń bá fọ̀rọ̀ wérọ̀, ẹ mú ti Aquinas, kẹ́ ẹ sì wá àyè jókòó dáadáa.